Ọkọ̀ Ogun Mi Tó Wà Nílé Wa ní Fate

Olówó orí mi, Bàbá Ìfẹ́olúwa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ara mi ń le sí i nílùú òyìnbó níbí. Ọmọ yín ló ń bá mi kọ ìwé yìí, nítorí ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ń sinmi. Dókítà kò kánjú, ó sì máa ń kí mi dáadáa.

Nípa eré ogun ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ tó wà nínú ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tí a rà ní Táíwò Road, mo gbọ́ bí ẹ ṣe pariwo mọ́ mi lórí fóònù: "Tísà, ọkọ̀ rẹ ti ń jóná, yáa túúbá!" N kò ní túúbá. Ẹ jẹ́ kó wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. A kì í yìnbọn lu ẹni tí kò sí nílé.

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà. Bí mo bá dé, tí mo sì fi ọwọ́ òsì yìnbọn lù yín nínú eré náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi.

Ẹ bá mi kí Ìyá Tóbilọ́ba àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa nu eruku orí àga mi tó wà níwájú kọ̀ǹpútà.

Èmi ni aya yín,
Mojísọ́lá