Orúkọ Tí Mo Kọ ní Abà Ìgbìrà

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Láti ìgbà tí a ti ṣe Iléyá, mi ò dé ibojì yín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkirè níbí náà lẹ wà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí balùwẹ̀. Koríko ti hù lórí yín. Mo ń rí i láti ojú fèrèsé, mo sì ń gbé ojú kúrò. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ lẹ́tà sí yín bíi pé ẹ wà ní ìlú òkèèrè. Ẹ ò mọ̀wé kà nígbà ayé yín. Ta ló máa wá ka èyí fún yín? Bóyá ìdí tí ọwọ́ mi fi yá láti kọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀. Mi ò dín dòdò mọ́. Agbada yín ti dípẹtà. Àwọn awakọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ṣì máa ń dúró níwájú ilé, wọ́n á fọn fèrè ọkọ̀, wọ́n á ní Ìyá Dòdò dà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó ti kú, pé ọmọ rẹ̀ náà sì ti kú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọ̀gẹ̀dẹ̀? Àwọn tó ń kó o wá fún wa ti wà nínú ilẹ̀, àwọn tó kù sì ti sá lọ sí Ararọ̀mí-Òwu àti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ẹnì kan wà lẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ṣé ẹ rántí Onímísì? Ẹ ò lè gbàgbé rẹ̀. Ìgbìrà tó ga, tó máa ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá wá, èyí tó ti dúdú tí gbogbo ayé fẹ́ dà nù, tí ẹ̀yin á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ máa ń sọ pé ìgbà tí ó bá bàjẹ́ lójú ẹlòmíì ló tó dára lójú yín. Ọkọ ọmọ mi lẹ máa ń pè é, kí ojú lè tì mí. Nígbà tí ẹ kú, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ló gbẹ́ sàréè yín. Wọ́n bá wa kírun sí yín lára. A gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n ní kí a gbé e fún àwọn àlejò. Àlejò! Àwọn gan-an ni ìlú ń pè ní àlejò láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi.

Ẹ mọ Abà Ìgbìrà, lẹ́yìn Àpòmù, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Yàrá ìkàwé méjì, pátákó kan, igi máńgòrò kan. Kí Iléyá tó dé, wọ́n rí òkú ọlọ́kadà kan, ọmọ ìlú, lójú ọ̀nà oko tó lọ sí abà náà. A ò mọ ẹni tó pa á. Títí dòní a ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tí kò ti mọ̀: Ìgbìrà ni. Ẹni tí kò fojú rí oko rí, ó mọ̀ pé Ìgbìrà ni. Èmi náà, mo gbọ́ ọ ní ọjà, mo dákẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé iléèwé, mo bá ọkọ̀ ọlọ́pàá lábẹ́ igi máńgòrò. Sájẹ́ńtì tó ní èjí lẹ́nu yẹn ló ṣáájú wọn, èyí tó máa ń jẹ dòdò yín lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín sí tí ó bá ń jẹ ẹ́, tí ẹ máa ń ṣẹ́ òṣé sí tí ó bá ti yí ẹ̀yìn padà. Ó ní kí gbogbo ọkùnrin abà kó àdá àti ìbọn ọdẹ wọn wá sí yàrá ìkàwé, kí àlàáfíà lè wà. Ó ní àwọn ò ní kúrò níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà dúró, àdá lọ́wọ́ wọn, wọn ò mira. Onímísì kò bá a sọ̀rọ̀, èmi ló kọjú sí.

“Tíṣà, bí wọ́n bá wá dé, kí la ó fi dúró?”

“Ọlọ́pàá ń bẹ níbí, Onímísì. Ìjọba nìyẹn. Ẹ gbọ́ tèmi, ọmọ Ìyá Dòdò ni mí, mi ò lè tàn yín.”

Orúkọ yín ni mo fi bẹ̀ wọ́n, Màámi. Orúkọ yín ló sì ṣiṣẹ́. Onímísì ló kọ́kọ́ gbé àdá tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó fi aṣọ pupa wé ní èèkù, lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù ń tẹ̀ lé e.

Ibi tí mo ti wọ̀ ọ́ wá nìyí. Sájẹ́ńtì ní kí n kọ orúkọ oníkálukú sílẹ̀ kí àdá ẹnikẹ́ni má baà sọnù. Ó ní kí n kọ ilé tí ó ń gbé sí i, kí n kọ iye ọkùnrin tó wà nínú ilé náà. Bàbá Ánátè, ẹni tó dàgbà jù lábà, mi orí.

“Tíṣà, a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ìyẹn ti lọ, nítorí ààbò yín ni.” Ẹ̀yin gan-an, tí ẹ fi omorógùn lù mí nígbà tí mo wà ní kékeré nítorí pé mo ka àwọn ọmọ aládùúgbò wa lójú ìyá wọn! Mo ya ìwé láàárín ìwé mi, mo fi rúlà fa ìlà, mo fi bíró pupa kọ àkọlé, bí mo ṣe máa ń ṣe fún rẹ́jísítà. Orúkọ. Ilé. Iye. Mo kọ ọ́ dáadáa, mi ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Sájẹ́ńtì gbé e sókè, ó ní, “Háà, tíṣà, ọwọ́ yín dára o, àfi bí ẹ̀rọ.” Inú mi dùn. Ẹ dárí jì mí, inú mi dùn gan-an.

Sájẹ́ńtì ká ìwé náà sápò, àwọn ọlọ́pàá kó àdá sínú ọkọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà kí àwọn lè máa ṣọ́ ẹni tó bá ń bọ̀. Àwọn Ìgbìrà kírun Alásárì. Wọn ò tíì ṣe tán tí mo fi gbọ́ ìró ọ̀kadà, ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Mo jáde sí ojú ọ̀nà, kí n lè rí bí ọlọ́pàá ṣe máa dá wọn dúró. Mo rí i. Sájẹ́ńtì wọ ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn, ó yà sínú koríko. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ jáde, ó ń jù ú síwá sẹ́yìn, bí ẹni tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó lọ́jọ́ ọjà.

Ẹni tó ṣáájú àwọn tó gun ọ̀kadà mú ìwé kan lọ́wọ́. Mo mọ ìwé náà kó tó sún mọ́ mi, nítorí àkọlé pupa yẹn. Mo mọ ẹni tó mú un pẹ̀lú. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, ó ti di mẹkáníìkì báyìí. Ìwé kíkà ò rọrùn fún un nígbà yẹn, mo máa ń dá a dúró lẹ́yìn iléèwé, mo máa ń fún un ní dòdò yín kó lè jókòó. Lọ́jọ́ yẹn kò kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan.

“Ilé Bàbá Ánátè! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga! Ọkùnrin mẹ́rin!”

Wọ́n mú mẹ́ta jáde. Wọ́n kà wọ́n. Wọ́n wo ìwé. Wọ́n padà wọlé, wọ́n sì tú gbogbo ilé títí wọ́n fi rí ẹni kẹrin lábẹ́ àwọn àpò kòkó. Ká ní mi ò kọ iye ni, Màámi, wọn ò bá ti kọjá lọ. Mi ò ní kọ ohun tí wọ́n ṣe fún wọn. Ẹ ti rí òkú, ẹ ò rí irú èyí. Mo sá wọ yàrá ìkàwé, mo ti ilẹ̀kùn, mo dojú bolẹ̀ sábẹ́ tábìlì mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní ìta ń sọ pé, “Ẹ má fọwọ́ kan tíṣà o.” Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Ara mi dá ṣáṣá.

Àwọn àbúrò Onímísì méjèèjì kú. Òun alára já mọ́ wọn lọ́wọ́, orí rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ẹ bi mí pé ibo ló sá lọ. Ó sá lọ bá ọlọ́pàá. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sáré gba inú oko kòkó lọ bá ọkọ̀ wọn, ó ń pariwo pé kí wọ́n gba òun. Wọ́n gbà á. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè é, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ lórí àwọn àdá náà.

Ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ́ àdá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Orí fóònù ni mo ti rí i. Ohun ìjà tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Ìgbìrà tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè é. Onímísì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kò ní ẹ̀wù lọ́rùn. Wọ́n ní òun ni olórí wọn, wọ́n ní òun ló pa ọlọ́kadà.

Sájẹ́ńtì wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó sórí àpótí yín. Ó ní ṣé kò sí dòdò ni. Lẹ́yìn náà ló fi àwòrán ìwé mi hàn mí nínú fóònù rẹ̀.

“Tíṣà, ọwọ́ yín rèé. Bí ẹ bá ní a ti gba àdá lọ́wọ́ wọn kí ìjà tó dé, ẹ máa ní ẹ̀yin lẹ kọ èyí. Bí ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ kọ èyí, ta ló wá pa wọ́n? Ẹ bá mi rò ó.”

Ó ti kọ gbólóhùn ẹ̀rí mi sílẹ̀ kó tó dé. Ohun tó kọ nìyí: “Mo rí àwọn Ìgbìrà tí wọ́n yọ àdá sí ọlọ́pàá. Mo rí Onímísì níwájú wọn.” Àṣìkọ pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ tún un ṣe, ẹ ò rí ayé mi? Mo fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má bá ọlọ́pàá ṣọ̀tá, pé ẹni tó bá wọ aṣọ ìjọba kò ní ojú àánú. Mo rọ̀ mọ́ ọ. Ṣé ohun tí ẹ ní lọ́kàn nìyí? Ká ní ẹ̀yin ló jókòó síbẹ̀, ṣé ẹ ò bá ti sọ òótọ́? Ẹ má dáhùn, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà míì mo máa ń rò pé ẹ ò bá ti fọwọ́ sí i kíákíá jù mí lọ, mo sì máa ń kórìíra yín díẹ̀.

Oyíza, ìyàwó Onímísì, wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì wa, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin nìkan lẹ wà ńbẹ̀. Ẹ ṣáà sọ pé ó ti gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀ kí ìjà tó dé. Wọ́n máa gba tiyín gbọ́.” Mo fà á dìde. Mo ní màá sọ ọ́. Mo bu gààrí fún un, mo bá a gbé e dé etí títì. Ó sì ń ṣàdúà fún yín títí tó fi wọ ọkọ̀, pé kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí Àlùjánnà.

Àná ni wọ́n pè mí sí kóòtù. Mo gbá Kùránì mú. Agbẹjọ́rò ìjọba béèrè bóyá wọ́n gba àdá lọ́wọ́ ọkùnrin yìí níṣojú mi. Mo ní rárá. Ó béèrè bóyá ó gbé e sílẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rí i. Ohùn mi ò gbọ̀n. Oyíza dìde lórí àga ẹ̀yìn nínú kóòtù, ó tún jókòó.

Onímísì kò ní lọ́yà. Adájọ́ bi í bóyá ó ní ìbéèrè tó fẹ́ bi ẹlẹ́rìí. Ó dìde, ó di irin mú. Ó ti gbẹ, àpá orí rẹ̀ ò tíì jinná. Ó wò mí pẹ́. Mo ń retí kó ṣépè fún mi. Mo fẹ́ kó ṣépè fún mi, Màámi, tọkàntọkàn ni mo fẹ́ ẹ.

“Olúwa mi, mi ò ní ìbéèrè. Tíṣà kì í parọ́. Wọ́n gbá mi lórí lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé.”

Akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín kan ṣoṣo, tó fẹ́ràn yín, tí ẹ dín dòdò fi rán lọ síléèwé.