Linux Ni Mo Fi Sí Kọ̀ǹpútà Big Mummy, Wọ́n Rò Pé Windows Ni

Admin, ẹ má fi orúkọ mi síta o, torí àwọn ará Agbowó pọ̀ lórí pèèjì yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni mo pa fún obìnrin tó tọ́ mi dàgbà, irọ́ náà ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló sì máa tú síta tí n kò bá tètè wá nǹkan ṣe... Mi ò fẹ́ ìyàwó oníyàwó o, mi ò sì gbé owó ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín ná.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Big Mummy, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó. Ibẹ̀ ni àwọn stúdẹ́ǹtì ti ń tẹ project, tí wọ́n ti ń ṣe photocopy, tí a sì ti ń bá èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Nígbà tí ìyá mi kú ní Ìkirè, àwọn ni wọ́n mú mi wá sí Ìbàdàn, àwọn ni wọ́n rán mi lọ sí poly, èmi ni mo sì ń mójú tó kọ̀ǹpútà méjèèje tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá mọ Agbowó á ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ... fláàṣì tó ti wọ ogún ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tiwa ló máa wá gbẹ̀yìn sí, pẹ̀lú gbogbo virus tó ti kó bọ̀. Windows tó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà wa nígbà yẹn, crack ni, ìyẹn èyí tí wọ́n já títì ẹ̀ láìsanwó fún ẹni tó ni ín, bí ti gbogbo àdúgbò. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò ní pa gbogbo inú ọ̀kan rẹ́ kí n tún fi Windows sí i. Iṣẹ́ oníṣẹ́ á sọnù, èmi ni wọ́n á máa bú.

Linux ni èmi ń lò lórí laptop tèmi láti ìgbà tí mo ti wà ní poly. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tí Windows ń ṣe lòun náà ń ṣe, òun ló ń darí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ṣe é ló fẹnu ara wọn sọ pé kí gbogbo ayé máa lò ó, kí wọ́n máa tún un ṣe, kí wọ́n máa pín in fún ara wọn. Ààfáà Linux ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí, torí mi ò kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo fi sórí kọ̀ǹpútà kan ní gbangba, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ojú mi rí màbo! Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ ní níbo ni Start wà. Èkejì ní òun ò rí Word òun, ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Bàbá kan tó ń kọ thesis bi mí pé ṣé mo fẹ́ fi òun dánra wò ni. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Big Mummy pè mí lójú gbogbo kọ́sítọ́mà, wọ́n ní kí n yọ nǹkan burúkú yẹn kúrò kí n tó lé gbogbo èèyàn lọ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo yọ ọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ìgbà tó ṣe, Big Mummy lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ Sunday kan, ààfáà wọn sì ṣe wàásù pé ẹni tó bá ń lo ohun tí olóhun ò yọ̀ǹda, olè ni, kódà kó jẹ́ inú kọ̀ǹpútà ló wà. Wọn ò lè jẹun nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ti ń múra Mẹ́kà, wọ́n ní àwọn ò lè ru ẹrù olè dé iwájú Káábà. Wọ́n ní kí n wá bí mo ṣe máa fi original sí gbogbo ẹ̀. Èmi sì mọ̀ pé agbára ṣọ́ọ̀bù ò ká original méje láéláé. Ẹ wò ó, ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nìyẹn! Kí n sọ pé, Big Mummy, nǹkan tí ẹ ní kí n yọ níjọ́sí, òun ni kò ní olè nínú. Àmọ́ mo rántí ìtìjú ọjọ́ yẹn, mo ní kò burú, màá wá a. Mo fi Linux sí mẹ́fà, mo sì pa á láró: mo gbé Start sí ìsàlẹ̀, mo to ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé kó jọ Word, mo fi àwòrán búlúù sẹ́yìn. Mo wá sọ fún wọn pé Windows tuntun ni, original. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ṣàdúà fún mi títí mi ò fi mọ ibi tí mo máa gbójú sí.

Oṣù mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni ò fura! Virus lọ, kọ̀ǹpútà ò kú mọ́ lójijì, àwọn stúdẹ́ǹtì ń sọ fún ara wọn pé ṣọ́ọ̀bù Big Mummy ló sharp jù. Mo ní kí n dán àwọn èèyàn wò. Mo dá ojú Linux padà sórí ọ̀kan ṣoṣo, mo jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ hàn gbàgàdà. Inú ẹ̀ ò yí padà o, ojú lásán ni! Láàárín wákàtí kan, ẹni mẹ́ta ti ní ó ń falẹ̀. Ọ̀kan búra pé ó jẹ ìpínrọ̀ òun. Mo pa ojú ẹ̀ dà padà, ẹni tó búra yẹn náà tún jókòó, ó ní ẹ̀n-ẹ́n, èyí ló dáa. Mo jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, inú bí mi débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ṣé orúkọ la fi ń tẹ project ni? Báwo ni nǹkan ọ̀fẹ́ ṣe máa bá Windows figagbága tó bá jẹ́ pé orúkọ làwọn èèyàn ń rà, tí kì í ṣe iṣẹ́?

Àmọ́ tí mo bá di gbogbo ẹ̀bi ru kọ́sítọ́mà, irọ́ mìíràn tún nìyẹn. Linux náà ti dójú tì mí rí. Ọmọ kan tẹ project ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá ẹ̀ nílé ìwé, tó jẹ́ Windows, lẹ́tà yí padà, ojú ìwé sún, Chapter Four ò sí níbi tí wọ́n kọ pé ó wà, ọ̀gá ẹ̀ sì dá a padà. Ó wá ń sunkún ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún un pé fláàṣì ẹ̀ ló fà á... Ọlọ́run foríjì mí.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Kọ̀ǹpútà keje. Òun la fi ń ṣe ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ ìka sí ló wà lára ẹ̀, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn sì ṣe é fún Windows nìkan. Mo wá gbogbo ọ̀nà, mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò fèsì. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo fi Windows sílẹ̀ lórí ẹ̀... crack. Òun ló ń falẹ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Big Mummy tiẹ̀ bínú sí i lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n lọ fi irú Windows tó wà lórí àwọn yòókù sí i. Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún? Àmọ́ ẹ̀rín kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Obìnrin yìí rò pé ọwọ́ òun ti mọ́, olè tí wọ́n ní kí n lé jáde ṣì jókòó sí igun ṣọ́ọ̀bù wọn, èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn oní-business centre ṣe ìpàdé. Big Mummy dìde, wọ́n ní àwọn ti tuuba, kí gbogbo ẹgbẹ́ náà tuuba, pé original ló wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn, ìdí nìyẹn tí ọkàn àwọn fi balẹ̀. Ọkùnrin kan tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bú sẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń lo original méje ní Agbowó. Ọ̀rọ̀ yẹn ka Big Mummy lára, wọ́n sì fi Àlùkùránì búra níbẹ̀ pé kò sí ohun olè kankan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn. Wọ́n wá fẹnu kò pé gbogbo ẹgbẹ́ máa wá wò ó ní Sátidé, tó bá jẹ́ òótọ́, kí n wá fi irú ẹ̀ sí ti gbogbo wọn. Gbogbo wọn! Ohun tí mo ti ń lálàá ẹ̀ láti poly, kí gbogbo Agbowó máa lo Linux, ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ lójú mi, orúkọ ẹlòmíì ló sì fẹ́ jẹ́.

Tí mo bá sọ òótọ́, Big Mummy ti búra èké nìyẹn, wọ́n sì ń lọ Mẹ́kà. Tí n kò bá sọ ọ́, ọkùnrin yẹn mọ kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì méjì péré ló máa tẹ̀, àṣírí á tú lójú gbogbo ẹgbẹ́. Mo ti rò ó pé kí n gbé keje pamọ́, àmọ́ ìbúra tí wọ́n ti ṣe ńkọ́? Inú ń bí mi sí àwọn kọ́sítọ́mà, inú ń bí mi sí àwọn oníẹ̀rọ ìka yẹn, ti ara mi ló wá pọ̀ jù. Mi ò gbádùn oúnjẹ mọ́.

Lánàá, Big Mummy fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n wọ jígí ojú wọn, wọ́n mú bírò àti ìwé. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ní ibi tí èèyàn máa tẹ̀ tí orúkọ original yẹn á fi jáde, pé àwọn ò fẹ́ kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ ní Sátidé, ọwọ́ àwọn gan-an làwọn fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́ lójú ọkùnrin yẹn. Mo ní network ò dáa, kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀, kò nílò network kankan. Ọ̀la náà ti dé báyìí, wọ́n ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kíákíá... kí ni kí n fi hàn wọ́n?