Èémí Màámi Nínú Ìwé Àwọn Dókítà

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ sì kú iṣẹ́ ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí, bí orúnkún mi kò tilẹ̀ fẹ́ ká nítorí òtútù. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí Ìyá Àgbà. Ẹ sọ fún Mùsílíù àbúrò mi pé mo ti gbọ́ pé ó ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́; kó yéé fi pamọ́ fún mi.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Àwọn ìwé kan wà tí àwọn dókítà gbogbo àgbáyé ń gbé ìwádìí wọn sí, jọ́nà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ọ́fíìsì wa ni láti ka iye ìwádìí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní nínú àwọn tó lórúkọ jù. Ibi tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú bá ti ń ṣiṣẹ́ là ń kà á fún. Ti Nàìjíríà máa ń kéré, kò sì sí ẹni tí mo lè fi èdè wa sọ ọ́ fún níbí. Ó máa ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwádìí kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, lórí èéfín ẹja yíyan àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́. Màámi, ẹ̀yin ni! Ṣé ẹ rántí dókítà obìnrin tó máa ń ti Ìkòròdú gba ọ̀nà Agbówá wá, tó ní kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé gbogbo yín lẹ kọ́kọ́ ń ṣe Bísímílà dé òpin, kí ẹ sì tó gbé ẹnu dé ẹ̀rọ, èémí ti tán. Ẹ̀rọ wá ní ẹ̀dọ̀fóró yín ti bàjẹ́, àwọn òyìnbó tó gbé e wá sì gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà yẹn ló mọ̀ yín. Ó ní kí ẹ ṣe Bísímílà tán, kí ẹ tún mí kanlẹ̀, kí ẹ tó fẹ́ ẹ. Wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Èéfín ń pa yín lára lóòótọ́, àmọ́ kò tó bí ẹ̀rọ ṣe kọ́kọ́ wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣí ojú àgọ́ tí ẹ ti ń yan ẹja sílẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ òyìnbó ló ṣíwájú, ti dókítà wa wà láàárín. Òfin ọ́fíìsì wa sì sọ pé Nàìjíríà kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Inú bí mi. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo sọ ìtàn Bísímílà yẹn fún un. Mo ní létí ọ̀sà wa, bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ á gba tirẹ̀, ẹni tó ni àwọ̀n á gba tirẹ̀, ẹni tó tukọ̀ náà kì í sì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun nìkan kò lè yí òfin padà, ó sì gbé e lọ sí ìpàdé. Lánàá ni wọ́n gbà pé gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá ní ẹni lórí ìwádìí yóò máa gba ìpín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà Ìkòròdú. Ẹ̀yin ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín jù, torí inú èéfín yẹn lẹ ti rí owó tí ẹ fi rán mi nílé ìwé. Èmi fúnra mi ni wọ́n ní kí n kọ ìpín Nàìjíríà sílẹ̀. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo ṣe Bísímílà dé òpin.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti èémí tó já gaara. Mo kí gbogbo ará ilé, mo kí gbogbo ìyá tó wà lẹ́bàá iná ẹja.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídátù