Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Ní Kí N Yọ Kúrò Nínú Ewì Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ sì kú ìtìjú tí ẹ ní mo kó bá yín. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkòtún níbí. Mo kí àwọn bàbá wa tí wọ́n jókòó ìpàdé nítorí ọ̀rọ̀ mi, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí ẹni tó ń bá yín ka lẹ́tà yìí. Ẹ sọ fún un kó kà á sókè dáadáa, kó má fo ìlà kankan. Gbangba ni ewì mi ti dé etí yín, gbangba náà ni mo ti ń fèsì, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé lẹ́tà yìí fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ara wa le. Òjò ni kò jẹ́ ká gbádùn lọ́dún yìí. Tó bá ti rọ̀ báyìí, ẹrẹ̀ á dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà á sì jókòó sílé wọn pẹ̀lú irun wúruwùru. Owó ṣọ́ọ̀bù ti lé sí i, iná ò sì dúró. Ṣùgbọ́n mò ń jẹun, ẹ má bẹ̀rù. Ohun tí mi ò ní ni ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tí mò ń dirun fún máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wọn fún mi, torí ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí, wọn ò rí ojú mi. Èmi ò rí ẹni sọ tèmi fún. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì.

Àwa mélòó kan tí à ń kọ ewì máa ń pàdé ní Ẹ̀gbẹ́dá nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, nínú yàrá ìkàwé ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan tí wọ́n yá wa. Alága wa jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. A fẹ́ kó ewì wa jọ sínú ìwé kan. Nígbà tó kàn mí, mo ka èyí tí mo kọ nípa Kúdírátù àbúrò mi, ọmọ yín tí a sin lọ́dún tó kọjá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

Olóríburúkú, gbé omi wá.
Olóríburúkú, ọmọ ń ké.
Olóríburúkú, ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ dé ìsàlẹ̀. Kò sí ohun tí mo fi kún un. Bí àna yín ṣe ń pe ọmọ yín nìyẹn láti ìgbà tó ti gbé e níyàwó títí ó fi kú, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alága bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ewì náà dùn ún dọ́kàn, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ báyẹn kò yẹ nínú ewì. Ó ní aṣọ ìmúròde ni ewì, èèyàn kì í da epo sí i. Ó ní àwọn ọmọdé náà máa kà á. Ẹ gbọ́ o, kò tíì pẹ́ tí ọmọbìnrin kan ka tirẹ̀ tán tó jókòó, èébú òyìnbó ló kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, a sì pàtẹ́wọ́. Alága gan-an mirí, ó ní ìgbàlódé nìyẹn. Mo bi í pé ṣé èébú òyìnbó kì í rùn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn yàtọ̀ jàre, pé ti Yorùbá ló ń wọni lára. Mo ní mo mọ̀ pé ó ń wọni lára, ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn.

Ó wá bá mi wá ọ̀nà àbáyọ. Ó ní kí n fi Aya mi rọ́pò rẹ̀. Mo kà á sókè bó ṣe wí: Aya mi, gbé omi wá. Aya mi, ọmọ ń ké. Ìyá mi, ó di ewì ìfẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àna yín di ọkọ rere lójú mi báyìí. Alága ní kí n lọ rò ó, kí n mú èsì wá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, pé bí mi ò bá yí i padà, ewì náà ò ní wọ ìwé.

Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ti gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù. Kí n tó délé, ó ti wà lórí Wasáàpù, kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ pè mí. Ẹ ò bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ ń sunkún, ẹ ní ṣé èmi tí ẹ rán lọ sílé kéú ni mò ń sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá létí gbogbo ayé. Ẹ ní àna yín ti kó èèyàn wá fẹjọ́ sùn, pé mo ba òun lórúkọ jẹ́. Ẹ ní àwọn àgbà ti pinnu pé kí n yọ ọ̀rọ̀ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n jókòó sí Èkó nígbà Iléyá. Ẹ ní kí n ṣá yọ ọ́, kí ilé lè tòrò.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Ṣé ẹ rántí Iléyá tí Kúdí wá kẹ́yìn? Omi ló bù fún ọkọ rẹ̀, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi dà sí agbádá ọkọ. Àna yín pè é ní olóríburúkú lójú gbogbo wa, ó sì fi ilé tó bí i kún un. Àwọn àgbà tó pèpàdé nítorí mi wà lórí ẹní. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n fa ẹran súnmọ́ òun. Ẹ̀yin, Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ ní kí Kúdí kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú omi náà. Kò sẹ́ni tó ní àlùfàǹṣá ni lọ́jọ́ náà. Ilé tòrò.

Ẹ rò pé àgídí ni mo fi kọ ewì yìí. Àmídátù ọmọ Kúdí ló fà á. Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló wà láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, tó ní òun ò lè máa wo ojú tó jọ ti ìyá rẹ̀. Tíṣà wọn ní kí oníkálùkù dìde sọ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Àmídá dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ geere. Ó wá ní Olóríburúkú lorúkọ ìyá òun.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Tíṣà ránṣẹ́ pè mí, ó ní irú ẹ̀kọ́ wo ni mò ń kọ́ ọmọ nílé, àbí kí lèyí jàre. Mo fa ọmọ náà lọ́wọ́, a jáde. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ọmọ náà bi mí pé kí lòun ṣe, ṣebí bí Dádì ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ní ṣé ìyá òun tún ní orúkọ mìíràn ni. Oníbàárà kan ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orí tí mo dì dé ìdajì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè, mo jókòó, mo kọ ewì náà.

Èmi náà ò fẹ́ràn èébú o. Ti ọmọbìnrin ọjọ́sí yẹn, bó bá jẹ́ tèmi ni, gbogbo rẹ̀ ni mo máa yọ, torí ó kàn fi ń dẹ́rù bani ni. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń pe èèyàn títí ó fi wọ sàréè, ibo ni kí n gbé e sí? Bí mo bá yọ ọ́, kí ló kù tó ṣe Kúdí? Orí èèyàn ni mò ń fọwọ́ bà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo dirun Kúdí láti kékeré, mi ò rí ohun tó burú ní orí ọmọ náà. Inú ń bí mi, Ìyá mi. Ó ń bí mi sí ọkọ rẹ̀, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, síbẹ̀ ó ń bí mi.

Ní Sọ́ńdè, màá sọ fún alága pé ọ̀rọ̀ náà dúró. Bí ìwé wọn ò bá gbà á, kó máa lọ láìsí mi. Ní tiyín, ọjọ́ tí ẹ̀yin àti àwọn àgbà bá dé ilé àna yín, tí ẹ sọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ̀ tuntun pé ohun tó ń pe ọmọ wa kò dáa, lọ́jọ́ náà ni màá fi ọwọ́ ara mi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́ fún un, ẹ má sọ ọ́ fún mi.

Mo ti ń kọ́ Àmídá ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ń gbìyànjú. Kó tó pè é, á ṣì kọ́kọ́ wo ojú mi. Bí ẹ bá tún pè, ẹ má bá mi dá ọ̀rọ̀ ewì sílẹ̀. Ẹ ní kí n gbé fóònù sí i létí, kí ẹ wá ki Kúdí fún un bí ẹ ṣe máa ń kì í kó tó lọ sílé ọkọ. Èmi ò mọ oríkì rẹ̀ tán, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun fún yín ní àlàáfíà, kó mú ẹ̀mí yín gùn, kó jẹ́ ká fojú kan ara wa, bóyá ní Iléyá, bóyá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe. Ẹ má bá mi kí àna yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù, ẹ̀gbọ́n Kúdírátù Àníkẹ́. Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ nìyẹn.