Ìbọn Fúyẹ́ fún Àgbò Orí Òkè

Odette, ìyàwó mi,

Ìbọn ti dé ọwọ́ mi. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi tọrọ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba láti pa àgbò igbó orí òkè kan ṣoṣo kí wọ́n tó fún mi, o sì mọ̀ pé n kò lè gbé ìbọn bàbá mi gun òkè mọ́. Èyí fúyẹ́ gan-an. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun ìyàwó Verlin àbúrò mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Twyla tó ni ṣọ́ọ̀bù ìbọn kìlọ̀ fún mi pé, “Bàbá, ìbọn tó bá fúyẹ́ máa ń tani nípàá tí a bá yìn ín. Ẹ ti awò tí ẹ fi ń wo ẹran lórí rẹ̀ síwájú.”

Mo ní, “Ojú mi ti gbó, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó sún mọ́ mi.”

“Ó sàn kó gbó ju kó fọ́ lọ.”

Má fòyà nítorí báńdéèjì tí o máa rí lókè ojú mi nínú fọ́tò tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Mo ti ti awò náà síwájú báyìí.

Lánàá, mo gun òkè ẹ̀yìn ilé, mo sì sinmi díẹ̀. Verlin ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo sinmi. Kò mọ nǹkan kà.

Bá mi kí Hattie ọmọ wa. Tí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn mi bá pè, kí òun náà dáadáa, kí o sọ fún un pé ọgbà ni mo ń bá Verlin tún ṣe.

Ọkọ rẹ,
Alden