Kókó Tí Mo Ti Jẹ́rìí Pé Ó Ti Lọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Orí àga ọsibítù kan ní Yaba ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí sórí fóònù mi. Ẹ má wo àṣìkọ. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní kọ́kọ́ ní kí n lọ gbààwẹ̀.

Kókó kan yọ sí mi lọ́mú òsì. Níbi tí mo ti ń wẹ̀ ni ọwọ́ mi ti bà á. Kò dùn mí, kò sì tóbi ju ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Màámi nìkan ni mo sọ fún. Wọ́n mú mi lọ sí ìsọjí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àgùdà, Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ara mi sì gbóná janjan. Ó gbóná lóòótọ́, bàbá mi. Nígbà tó di Sọ́ńdè, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà níwájú ìjọ, mo ti gba máìkì, mo ní kókó ti pòórá. Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì fọwọ́ kàn án wò o! Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é: kéèyàn kọ́kọ́ jẹ́rìí, kí ìwòsàn wá bá ẹ̀rí lẹ́nu wa. Ṣọ́ọ̀ṣì mì tìtì. Màámi jó títí bàtà fi yọ lẹ́sẹ̀ wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi kànìnkànìn yẹra fún ẹ̀gbẹ́ òsì tí mo bá ń wẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo wá fọwọ́ kàn án, ó jọ pé ó wà níbẹ̀. Àbí ẹran ara lásán ni? Mo ní mo fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, Màámi sì fi ìbínú yarí. Lójú tiwọn, ẹni tó bá lọ yẹ iṣẹ́ Ọlọ́run wò ti pè É ní onírọ́. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá Oníbéèrè ni wọ́n ń pè yín lẹ́yìn yín? Tí ẹ̀kọ́ Bíbélì bá ti ń parí lọ, tí ebi ti ń pa gbogbo ayé, ọwọ́ yín á tún lọ sókè. Èmi á tẹrí mọ́lẹ̀ fún ìtìjú. Bí èsì ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó gbé ìbéèrè náà tọ Pásítọ̀ lọ sílé ní Mọ́ńdè. Ó dé ibi pé bí wọ́n bá rí yín lókèèrè, wọ́n á dọ́gbọ́n yà sí àdúgbò míì. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà, ìyẹn ò kúrò lẹ́nu yín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ta ló gba Ọlọ́run gbọ́ tó yín? Òun pàápàá, ẹ ò fi lọ́rùn sílẹ̀. Nínú àdúrà òwúrọ̀, ẹ ó bi Í ní ìbéèrè, ẹ ó wá dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó ṣe àmín. Kí ni Ó máa ń sọ fún yín?

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù kókó ń bà mí, ẹ̀rù Ọlọ́run tún ń bà mí. Ṣé torí pé mo purọ́ mọ́ Ọn níwájú ìjọ ló ṣe padà ni? Àbí kò tilẹ̀ lọ rí? Bí kò bá lọ rí, kí ló wá gbóná lára mi nígbà náà? Ojoojúmọ́ ni mò ń bi Í. Kò dáhùn, mi ò sì jáwọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ fún Màámi pé ọjà Tẹ́júoṣó ni mò ń lọ, mo sì gba ibí wá. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé tó lè jẹ́ àbúrò mi, ló ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ara rìn kiri lọ́mú mi. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó ń bá mi ṣàwàdà nípa oòrùn tó mú. Nígbà tó yá, ó tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ó dé ibì kan, ó kúrò, ó tún padà síbẹ̀. Ó wá rọra béèrè bóyá mo mú ẹnìkan wá. Háà, bàbá mi! Ẹ̀yin ni mo fẹ́ẹ́ dárúkọ.

Kókó wà níbẹ̀. Wọ́n máa gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ irú èyí tó jẹ́. Mo ní kí wọ́n gé e, kí n ṣáà mọ̀. Mo wá pe Màámi. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú, pé àìnígbàgbọ́ mi ló fà á. Wọ́n kàn béèrè orúkọ ọsibítù, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Wọ́n ti dé báyìí. Mò ń wò wọ́n láti ojú wíńdò, wọ́n ń sáré wọ géètì. Màámi, ìyá ìjọ, tí kì í yọjú sẹ́nu ọ̀nà láì fi nǹkan borí, orí wọn wà ní ìta gbangba. Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú yín kúrò nílé ni mo rí wọn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọmọbìnrin yín tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò sì yé fẹ́ràn yín.