Kárafáànù àti Ogún Kẹ́ẹ̀gì Omi

                                        Al-Ruwais,
                                        Jeddah.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Abdulrauf, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Az-Zahir? Aaliyah ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé Duaa ọmọ yín ṣì ń fi Lárúbáwá dá yín lóhùn bí ẹ bá fi Yorùbá pè é? A dúpẹ́ níhìn-ín, àfi ẹsẹ̀ tó ń dun Màámi díẹ̀.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ ra kárafáànù, ilé onítáyà tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí o lè kó ẹbí gun òkè Taif. O ní píkọ́ọ̀pù rẹ lágbára, kò sí ohun tí kò lè fà. Jọ̀ọ́, má tíì sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń fọ́nnu lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọwọ́ Bandar tó ń ta kárafáànù ní Al-Aziziyah ni mo ti ra tèmi. Ó ní kílò 1,700 ni. Ìwé ọkọ̀ mi sọ pé ó lè fa kílò 2,000. Mo ní ó parí. N kò bèèrè bóyá òfìfo ló wà nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fà á lọ sí Mẹ́kà, Màámi bá mi lọ kí wọ́n lè ṣe Úmúrà. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í dá lọ. Gbogbo ìyá àgbà àdúgbò wa tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dé Haram, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà, mọ́ ló fi kẹ́ẹ̀gì rán wọn, kí wọ́n bá wọn pọn omi sámúsámù, omi mímọ́ ibẹ̀, bọ̀. Ogún kẹ́ẹ̀gì, ogún lítà lọ́kọ̀ọ̀kan! Kí oòrùn má baà pa omi náà, mo tò ó sínú kárafáànù, lápá ẹ̀yìn pátápátá.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, a dé títì márosẹ̀, kárafáànù bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù ajá, ó ń wọ́ ìdí ọkọ̀ mi sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rọra dín eré kù títí a fi yà sí ilé epo kan tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kárafáànù nìkan ju kílò 2,100 lọ. Omi ti kó irinwó kílò lé e, gáàsì àti ibùsùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹrù tó wà lẹ́yìn jù sì ń gbé imú rẹ̀ sókè, ìyẹn ló fi ń jù.

Mo ṣàlàyé fún Màámi pé ẹrù ti pọ̀ jù, pé àwa tí a jókòó sínú ọkọ̀ pàápàá wà nínú ìṣirò, ká fi omi díẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní:

“Habeebullah, sọ̀ mí kalẹ̀ síbí, kí o gbé omi lọ. Èmi ti dé Mẹ́kà. Àwọn tó ni omi yìí kò lè dé ibẹ̀ mọ́.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo tú kárafáànù sílẹ̀ níbẹ̀, mo kó kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, mo fi aṣọ bò wọ́n, mo sì gbé Màámi àti omi wálé. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ fa kárafáànù, lófìfo.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ṣírò tìrẹ pẹ̀lú omi, gáàsì, àti ẹrù Aaliyah tí kì í tán, kí o tó rà á. Bí o bá sì rà á, kó gbogbo ẹrù sí i, kí o wọ̀n ọ́n kí o tó gun òkè. Àwọn ọmọ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Bá mi kí gbogbo ilé. Ìyá Fáòsíátù, ọ̀kan nínú àwọn tó fi kẹ́ẹ̀gì rán Màámi, tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, kí ọ. Wọ́n mu ife kan nínú omi tiwọn, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní àwọn náà ti ti Mẹ́kà dé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òkè yẹn,

Habeebullah.